Ìgò Fọ́málìn: Ohun Tí Iṣẹ́ Abẹ Jẹjẹrẹ àti Àga Ọ̀gá Kọ́ Mi ní Rẹ́mọ

Iṣẹ́ abẹ tí a fi ń gé ọmú tí jẹjẹrẹ ti wọ̀ kì í sábà ju wákàtí méjì sí mẹ́ta lọ. Ṣùgbọ́n obìnrin tó sùn sórí tábìlì yẹn lè ti gbé kókó náà kiri fún oṣù mẹ́jọ. Á ti dé ọ̀dọ̀ kẹ́mísìtì, á ti dé orí òkè àdúrà, á ti mu àgbo, á sì tún ti lo ọ̀sẹ̀ mẹ́fà tó fi ń dúró de èsì làbù lẹ́yìn tó ti dé ọ̀dọ̀ àwa dókítà gan-an. Nígbà tó jẹ́ pé ọ̀bẹ nìkan ló wà lọ́wọ́ mi, wákàtí méjì yẹn ni mo mọ̀. Ìgbà tí mo di ọ̀gá ilé ìwòsàn ni oṣù mẹ́jọ yòókù náà di tèmi. Ẹ̀yin àbúrò mi tí ẹ ń kọ́ṣẹ́ abẹ lọ́wọ́, tí wọ́n á gbé yín sórí àga bó pẹ́ bó yá, ẹ fi sọ́kàn pé aláìsàn wa kì í sábà kú sórí tábìlì tíátà. Ojú ọ̀nà ni wọ́n ti ń bọ́ mọ́ wa lọ́wọ́.

Ọdún mẹ́fà la fi ń kọ́ iṣẹ́ ìṣègùn ní yunifásítì. Ọdún kan fún houseman (dókítà tuntun tó ń ṣiṣẹ́ lábẹ́ àwọn àgbà), ọdún kan fún àgùnbánirọ̀, lẹ́yìn náà ìdánwò Primary, kí èèyàn tó wá wọ iṣẹ́ rẹ́sídẹ́ǹtì (dókítà tó ń kọ́ ẹ̀kọ́ àkànṣe) tó máa ń gba bí ọdún mẹ́fà, pẹ̀lú ìdánwò Part One àti Part Two nínú rẹ̀. Nínú gbogbo ọdún wọ̀nyí, kò sí ẹni tó kọ́ wa bí wọ́n ṣe ń ka ìwé owó, bí wọ́n ṣe ń ra dísùlù fún jẹnẹrétọ̀, tàbí bí wọ́n ṣe ń bá ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ jókòó sọ̀rọ̀ kó má di ìyanṣẹ́lódì. Ẹni tó mọ abẹ ṣe jù ni wọ́n sábà máa ń fi jẹ ọ̀gá, bí ìgbà tí wọ́n bá fi ẹni tó mọ ọkọ̀ wà jù ṣe alága gáréèjì.

Bí ẹ bá fẹ́ mọ̀ bóyá ilé ìwòsàn kan mọ jẹjẹrẹ tọ́jú, ẹ má kọ́kọ́ lọ wo tíátà wọn. Ẹ béèrè ìgò fọ́málìn, omi oògùn tí kì í jẹ́ kí ẹran ara tí a gé jẹrà. Ta ló ń pò ó? Ta ló ń gbé e lọ sí làbù? Inú ìwé wo ni wọ́n ń kọ ọ́ sí?

Kí a tó gé ọmú ẹnikẹ́ni, a gbọ́dọ̀ ti gba ẹran díẹ̀ lára kókó náà fún àyẹ̀wò. Abẹ́rẹ́ tó nípọn, gauge 14, la fi ń gbà á, fọ́nrán mẹ́rin sí mẹ́fà, lẹ́yìn tí a bá ti gún oògùn tó ń pa ojú ibẹ̀ kú. Abẹ́rẹ́ tín-ín-rín tó kàn ń fa sẹ́ẹ̀lì díẹ̀ lè sọ pé sẹ́ẹ̀lì burúkú wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n kò lè sọ bóyá ó ti ya wọ inú ẹran tó yí i ká, bẹ́ẹ̀ ni ẹran rẹ̀ kì í tó fún àyẹ̀wò tó kù lẹ́yìn. Fọ́nrán wọ̀nyí gbọ́dọ̀ bọ́ sínú fọ́málìn kí wákàtí kan tó kọjá. Fọ́málìn tí à ń wí yìí, 10% ni: ìdá kan lára ògidì tí wọ́n rà, ìdá mẹ́sàn-án omi, pẹ̀lú iyọ̀ fọ́sífeètì tí kò ní jẹ́ kó kan. Omi inú ìgò gbọ́dọ̀ tó ìlọ́po mẹ́wàá ẹran tó wà nínú rẹ̀. Ẹran á wà níbẹ̀ fún wákàtí 6 ó kéré tán, kò sì gbọdọ̀ ju wákàtí 72 lọ.

Ó rọrùn létí, àbí? Ẹ wá wo bó ṣe ń bàjẹ́.

Wọ́n á gé odindi ọmú, wọ́n á fún un mọ́ inú ike kọ́sítádì, wọ́n á da fọ́málìn lé e díẹ̀. Fọ́málìn kì í wọ inú ẹran ju bíi mìlímítà kan lọ ní wákàtí kan, nítorí náà awọ ìta á gan, àárín gbùngbùn ibi tí jẹjẹrẹ wà á sì jẹrà kí ó tó dé ọ̀dọ̀ ẹni tó máa yẹ̀ ẹ́ wò. Ohun tó yẹ ni pé kí oníṣẹ́ abẹ fi òwú ran àmì sí i kí ó tó kúrò lórí tábìlì (òwú kúkúrú sí apá òkè, òwú gígùn sí apá ẹ̀gbẹ́), kí wọ́n wá là á láti ẹ̀yìn ní sẹ̀ǹtímítà kan-kan bí ẹni ń gé búrẹ́dì tí kò gé e já, kí wọ́n fi gọ́ọ̀sì sí àárín. Níbòmíràn, fọ́málìn á tán lọ́jọ́ Ẹtì, nọ́ọ̀sì á ju ẹran sínú omi dírípù títí di ọjọ́ Ajé. Jíjẹrà nìyẹn. Ẹlòmíràn á fi sípírítì rọ́pò rẹ̀, ẹlòmíràn á da ògidì fọ́málìn sí i láìbu omi là á, pé bó bá ti le tó ló ti dáa tó. Wọ́n á kọ orúkọ sí ara ìdérí, wọ́n á ṣí ìgò mẹ́ta lẹ́ẹ̀kan náà, ìdérí Ìyá Káyọ̀dé á wá bọ́ sórí ìgò Ìyá Ṣadé. Ara ìgò ni ká kọ orúkọ sí, pẹ̀lú nọ́ńbà káàdì, àti ọ̀tún tàbí òsì.

Èyí tó tún ń dùn mí jù ni pé ẹbí aláìsàn ni ọ̀pọ̀ ibi ń gbé ìgò náà lé lọ́wọ́. "Ẹ bá wa gbé e lọ sí làbù ní Èkó." Ọmọ á gbé e sínú ọ̀rá, á wọ bọ́ọ̀sì láti Ṣágámù, á dé ibẹ̀ á gbọ́ iye owó, á sì gbé e padà sílé kó lọ wá owó sí i. Tó bá jẹ́ ọmọ tó láájò, á gbé e sínú fìrísà kó má baà bàjẹ́, yìnyín á sì fọ́ gbogbo sẹ́ẹ̀lì inú rẹ̀ túútúú. Kò sí ẹni tó ṣàlàyé fún un, ẹ̀bi rẹ̀ kọ́.

Ìdí tí mo fi ń pariwo nípa ìgò ni pé òun ló ń pinnu oògùn. Lẹ́yìn tí làbù bá ti sọ pé jẹjẹrẹ ni, wọ́n á wò ó bóyá ó ń jẹun lára họ́mónù obìnrin, ìyẹn ER àti PR, àti bóyá HER2, purotéènì kan tó ń mú kí sẹ́ẹ̀lì máa dàgbà, pọ̀ lójú rẹ̀. Bí ER bá wà, tamoxifen 20 mg lẹ́ẹ̀kan lójúmọ́, fún ọdún márùn-ún ó kéré tán, wúlò fún un gidigidi, oògùn oníkóró tí owó rẹ̀ kò ga bí ti kẹ́mò (oògùn alágbára tó ń pa sẹ́ẹ̀lì jẹjẹrẹ) rárá. Ṣùgbọ́n ẹran tó ti jẹrà kí ó tó wọ fọ́málìn lè mú èsì irọ́ jáde pé ER kò sí. Obìnrin á wá pàdánù oògùn tó lè rà nítorí pé ẹnì kan fi ìgò sílẹ̀ lórí wíńdò lálẹ́ ọjọ́ kan. Kò sí bí ọwọ́ oníṣẹ́ abẹ ṣe lè já gaara tó tó máa tún èyí ṣe.

Ohun tí ọ̀gá lè ṣe sí i kò nílò owó ńlá. Kí làbù nìkan máa pò fọ́málìn, kí wọ́n kọ déètì sára rẹ̀, kí wọ́n máa rọ ọ́ sínú ìgò ṣáájú kí tíátà tó bẹ̀rẹ̀. Kí owó làbù wọnú owó gbígba ẹran, kí aláìsàn san án lẹ́ẹ̀kan. Kí ilé ìwòsàn ní òṣìṣẹ́ tirẹ̀ tó ń gbé ìgò lọ lẹ́ẹ̀mejì lọ́sẹ̀, pẹ̀lú ìwé tí ẹni tó fún un àti ẹni tó gbà á jọ ń fọwọ́ sí: agogo mélòó ni wọ́n gé e, agogo mélòó ló wọ fọ́málìn. Àtòjọ ààbò tíátà tí Àjọ Ìlera Àgbáyé gbé jáde ní 2008 sọ ọ́ kedere: kí aláìsàn tó kúrò ní tíátà, kí nọ́ọ̀sì ka ohun tó wà lára ìgò jáde sókè, orúkọ aláìsàn pẹ̀lú. Ibi púpọ̀ lẹ àtòjọ náà mọ́ ògiri, wọ́n sì ń fi àmì sí i nínú ìwé lẹ́yìn tí gbogbo ènìyàn ti bọ́ aṣọ tíátà. Mo fẹ́ràn kí nọ́ọ̀sì tó kéré jù níbẹ̀ ní àṣẹ láti sọ pé, "Ọ̀gá, ẹ dúró ná, a ò tíì ka ìgò."

Èsì tó dé náà tún lè sùn sínú dúróọ̀. Kí nọ́ọ̀sì kan, tí gbogbo ènìyàn mọ orúkọ rẹ̀, máa pe aláìsàn lọ́jọ́ tí èsì dé.

Ká wá dé ibi sísọ ọ́. Ní Ìjẹ̀bú àti Rẹ́mọ, àkọ́bí ọkùnrin ló sábà máa ń fa dókítà sí kọ̀rọ̀: "Dókítà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má sọ fún Mọ́mì pé jẹjẹrẹ ni." Ìfẹ́ ló ń bẹ nídìí ẹ̀, ẹ má bínú sí i. Ṣùgbọ́n ìyá tí kò mọ ohun tó ń ṣe òun kì í parí kẹ́mò. Lẹ́yìn ìgbà kejì tàbí ìkẹta, kókó náà á súnkì, á ní ó ti lọ, kò sì ní wá mọ́ títí tó fi máa padà pẹ̀lú egbò. Kí ẹ tó ṣe ìlérí kankan fún ọmọ, ẹ bi ìyá fúnra rẹ̀ pé, "Mọ́mì, kí lẹ fẹ́ mọ̀ nípa àìlera yìí? Ta lẹ fẹ́ kó jókòó tì yín tí mo bá ń ṣàlàyé?" Ọ̀pọ̀ nínú wọn ti mọ̀ tipẹ́. Àwọn gan-an ló ń fi pa mọ́ fún ọmọ.

Ìpàdé jẹjẹrẹ ọ̀sọ̀ọ̀sẹ̀ ṣe pàtàkì ju ohunkóhun tí a lè rà lọ. Oníṣẹ́ abẹ, dókítà tó ń yẹ ẹran ara wò, ẹni tó ń ka àwòrán, dókítà kẹ́mò, nọ́ọ̀sì kẹ́mò, apòògùn àti sóṣà wọ́kà, kí gbogbo wọn jókòó fún wákàtí kan. Kí aláìsàn tí wọ́n máa gbé yẹ̀ wò má ju mẹ́jọ lọ. Kí wọ́n kọ ìpinnu lórí ọ̀kan sílẹ̀, pẹ̀lú orúkọ ẹni tó máa ṣe é, kí wọ́n tó bọ́ sórí èkejì. Àìsàn ìpàdé yìí láàárín àwa Yorùbá ni ọ̀wọ̀. Bí ọ̀jọ̀gbọ́n bá ti là á kalẹ̀ pé ká gé e, ta ni rẹ́sídẹ́ǹtì tó máa ní kókó náà ti lẹ̀ mọ́ igbá àyà, pé kẹ́mò ló yẹ kó ṣáájú? Yóò ní, "Bẹ́ẹ̀ ni, sà." Tí wọ́n bá sì gé irú rẹ̀ láìtíì fi oògùn mú un súnkì, ojú ọgbẹ́ lè má pa dé, kẹ́mò á sì máa dúró de ọgbẹ́ tó kọ̀ tí kò jiná. Nítorí náà, òfin mi ni pé rẹ́sídẹ́ǹtì tó yẹ aláìsàn wò ló kọ́kọ́ ń sọ̀rọ̀. Ọ̀gá ló ń sọ̀rọ̀ kẹ́yìn. Inú àwọn àgbà kan kò dùn sí i, ọ̀rọ̀ wọn sì yé mi.

Owó ńkọ́? Òfin NHIA ti 2022 sọ ètò adójútòfò ìlera di dandan, ṣùgbọ́n àpò ara wọn ni èyí tó pọ̀ jù nínú àwọn tó ń wá bá wa ti ń san án. Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ ni pé ẹbí á kó gbogbo owó lé iṣẹ́ abẹ lórí, torí òun ni ojú rí. Ọmọ tó wà lókè òkun á fi ránṣẹ́, ẹgbẹ́ á dá owó, wọ́n á gé ọmú, wọ́n á ṣe ìdúpẹ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì, kò sì ní sí kọ́bọ̀ nílẹ̀ fún kẹ́mò. Ẹ ṣe ìwé ìnáwó olójú kan: gbígba ẹran, làbù, àwòrán, kẹ́mò ẹ̀ẹ̀kan àti iye ìgbà tó máa jẹ́, iṣẹ́ abẹ, ìtànṣán (ẹ̀rọ tó ń fi ìtànṣán alágbára pa jẹjẹrẹ), owó ọkọ̀. Ẹ fún ẹbí lọ́jọ́ kìíní, kí ọ̀bẹ tó kan ara. Wọ́n ní Ìjẹ̀bú mọ owó ṣírò, ẹ fún wọn ní gbogbo iye náà kí wọ́n ṣírò rẹ̀ dáadáa.

Kẹ́mò ní ewu kan tí ìlú kò mọ̀. Láàárín ọjọ́ keje sí ìkẹrìnlá lẹ́yìn tí wọ́n bá gbà á, sẹ́ẹ̀lì ẹ̀jẹ̀ funfun tó ń bá àrùn jà máa ń lọ sílẹ̀ púpọ̀. Ara gbígbóná tó bá dé 38°C lákòókò yìí kì í ṣe ohun tí à ń fi àgbo ibà rọ̀ sílé, kì í sì í ṣe ohun tí à ń gún abẹ́rẹ́ ibà sí ní ṣọ́ọ̀bù. Oògùn apakòkòrò gbọ́dọ̀ wọ ojú iṣan kí wákàtí kan tó pé lẹ́yìn tó bá dé ilé ìwòsàn. Ẹ fún aláìsàn kọ̀ọ̀kan ní tẹmómítà kó mú un lọ sílé. Ẹ fún un ní káàdì pupa tó kọ ọ́ pé ó ń gba kẹ́mò, kó má to ìlà ní ẹ̀ka pàjáwìrì. Kí ẹ̀ṣọ́ ẹnu géètì pẹ̀lú mọ káàdì yẹn, nítorí òun lẹni tí aláìsàn máa kọ́kọ́ bá pàdé lóru.

Ìtànṣán ń gbé púpọ̀ nínú aláìsàn wa lọ sí ilé ìwòsàn UCH ní Ìbàdàn tàbí LUTH ní Ìdí-Àràbà. Níbi tí ó bá bá àìsàn wọn mu, ẹ bá dókítà ìtànṣán sọ ọ́ kó fún wọn ní 40 Gy (Gy ni wọ́n fi ń wọn ìtànṣán) lọ́nà 15, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, dípò 50 Gy lọ́nà 25, ọ̀sẹ̀ márùn-ún. Ìwádìí START B tí wọ́n ṣe nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fi hàn pé ti ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kò rẹ̀yìn. Fún oníṣòwò tó ń ti Ìjẹ̀bú-Igbó lọ wọ̀ sọ́dọ̀ ìbátan ní Ìbàdàn, ọ̀sẹ̀ méjì tí a dín kù lè jẹ́ ìyàtọ̀ láàárín kó parí rẹ̀ àti kó sá. Ẹ pe ibẹ̀ kó tó gbéra, kí ẹ mọ̀ bóyá ẹ̀rọ ń ṣiṣẹ́.

Tíátà fúnra rẹ̀: ẹ ní ìwé kan tí wọ́n ń kọ iṣẹ́ abẹ tí wọ́n sún síwájú sí, àti ìdí rẹ̀. Àìsí ẹ̀jẹ̀, owó tí kò pé, aláìsàn tó jẹun, iná tó lọ nígbà tí ẹ̀rọ tó ń se irinṣẹ́ wà láàárín 121°C rẹ̀ tí wọ́n ní láti bẹ̀rẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀. Lẹ́yìn oṣù mẹ́ta, ìwé yẹn á sọ ohun tí ẹ máa kọ́kọ́ rà. Ó máa ń yà mí lẹ́nu pé kì í sábà jẹ́ ẹ̀rọ ńlá tí ẹnu wa ń pè nínú ìpàdé.

Ní ti ìyanṣẹ́lódì àti jápa, ìgbà àlàáfíà ni kí ẹ ti bá ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ sọ̀rọ̀ pé kẹ́mò tí ọjọ́ rẹ̀ pé jẹ́ pàjáwìrì. Kò sí ẹni tó máa gbọ́ tí wọ́n bá ti ti géètì. Kí iṣẹ́ kankan má sì wà lọ́wọ́ ẹnì kan ṣoṣo.

Mo máa ń rántí Olikoye Ransome-Kuti. Ìjẹ̀bú-Òde ni wọ́n bí i sí ní 1927, dókítà ọmọdé ni, ó sì di mínísítà ìlera ní 1985. Omi, iyọ̀ àti ṣúgà fún ọmọ tó ń ṣu àgbàrá jẹ́ ọ̀kan nínú ohun tí ọ̀pọ̀ ìyá fi mọ̀ ọ́n. Nǹkan tí kò ní ẹ̀rọ nínú, tí ìyá lè pò nílé.

Fún ọmú, ohun tó jọ ọ́ tí a ní ni ọ̀rọ̀ ẹnu tó bá dé ibi tó yẹ. Ọjọ́ Ojúde Ọba kọ́ ni kí ẹ gbé gbohùngbohùn lọ, ariwo ìlù àti ẹṣin kò ní jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbọ́ yín. Ìpàdé regbéregbé tí wọ́n ti ń yan aṣọ, oṣù díẹ̀ ṣáájú Iléyá, ni ibi tó dáa. Ẹ sọ fún wọn pé kókó tí kò dunni gan-an ni kí wọ́n bẹ̀rù, nítorí àìdunni rẹ̀ ló ń jẹ́ kí wọ́n fi í sílẹ̀. Tó bá jẹ́ obìnrin tó ṣì ń ṣe nǹkan oṣù, kó fi ọwọ́ yẹ ọmú wò bí ọ̀sẹ̀ kan lẹ́yìn tó bá bẹ̀rẹ̀. Ẹ fi ti ẹnu ilé ọmọ kún un: abẹ́rẹ́ àjẹsára HPV, tó ń dènà jẹjẹrẹ ẹnu ilé ọmọ, tó bẹ̀rẹ̀ lóṣù kẹwàá 2023, ìpínlẹ̀ Ògùn wà lára àwọn tó kọ́kọ́ gbà á, fún ọmọbìnrin ọdún 9 sí 14, ẹ̀ẹ̀kan péré. Wọ́n á bi yín bóyá kì í mú ọmọ yàgàn. Ẹ jẹ́ kí ìyá tí ọmọ tirẹ̀ ti gbà á dáhùn, ẹ̀yin ẹ dákẹ́.

Ṣé kí ọ̀gá ṣì máa ṣe abẹ? Kó máa ṣe é lọ́jọ́ kan lọ́sẹ̀, ọjọ́ tí kì í yẹ̀. Ẹni tó bá pa á tì pátápátá kò ní mọ̀ mọ́ pé gọ́ọ̀sì tí wọ́n rà kò dára. Ẹni tó bá sì ń ṣe é lójoojúmọ́ ń fi aláìsàn kan bojú kó má baà rí igba tó wà lẹ́nu ọ̀nà.

Sáà ọ̀gá kì í pẹ́. Ìwé tí mò ń kọ sílẹ̀ fún ẹni tó ń bọ̀ kò gùn: nọ́ńbà ẹni tó ń tún jẹnẹrétọ̀ ṣe, ọjọ́ tí wọ́n ń gbé ìgò lọ, ìwé ìnáwó olójú kan, orúkọ méjì-méjì lẹ́gbẹ̀ẹ́ iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan. Ẹni tó ń pò fọ́málìn máa fẹ̀yìntì lọ́dún tó ń bọ̀. Orúkọ ọmọ tó ń kọ́ ọ lọ́wọ́ rẹ̀ ló wà lójú ìwé àkọ́kọ́.